Ìbáwí Tàbí Ìfòòró? Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí lórí Ìfòòró Ẹni Níbi Iṣẹ́ àti Lórí Fóònù, Láti Ojú Ìsọ̀ Ìbàdàn Àtijọ́

Àṣamọ̀
Àpilẹ̀kọ yìí yẹ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wò lórí ìfòòró ẹni níbi iṣẹ́. Èrò wa ni pé òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò bá ọ́fíìsì mu ju ìsọ̀ lọ, àti pé ipò onídùúró, ẹni tí ó ń ṣe onígbọ̀wọ́, nínú ètò ìwọ̀fà Yorùbá (níbi tí ènìyàn ti ń sin olówó nítorí gbèsè) lè dí àlàfo náà.

1. Ìfáárà
Láti Bẹẹrẹ dé Mápó, láti Ọjà'ba dé Bẹyẹrunka, ìsọ̀ aránṣọ àti ti onídìrí kò jìnnà síra. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní í gbálẹ̀ láàárọ̀, òun ní í pọnmi, òun náà ni à ń rán níṣẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èyí kì í ṣe ìfòòró. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ń bú òbí rẹ̀ lójú oníbàárà lójoojúmọ́, tí ó ń febi pa á, tí ó sì ń fi ọjọ́ fúríìdọ́ọ̀mù, ìyẹn ọjọ́ ìgbòmìnira, halẹ̀ mọ́ ọn ńkọ́? Ìbáwí ni ọ̀gá ń pè é. Ààlà tó wà láàárín méjèèjì ni ó yẹ kí ìwádìí kọ́kọ́ wá.

2. Òṣùwọ̀n àwọn onímọ̀
Ní 1976 ni Carroll Brodsky, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé The Harassed Worker jáde. Láti àwọn ọdún 1980, Heinz Leymann ní Sweden là á sílẹ̀ pé kí a tó pe ìwà kan ní ìfòòró, ó gbọ́dọ̀ máa wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún oṣù mẹ́fà. Ní 2009, Ståle Einarsen, Helge Hoel àti Guy Notelaers ṣe àtúnṣe ìbéèrè 22 tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń lò lónìí: ṣé wọ́n ń fi ẹ ṣẹ̀sín? Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn? Ṣé wọ́n ń fi ohun tí ó yẹ kí o mọ̀ pa mọ́ fún ọ?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí kan ìsọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀gá aránṣọ tí ó máa ń rán ọmọṣẹ́ jáde nígbàkigbà tí ó bá fẹ́ gé aṣọ ń fi iṣẹ́ pa mọ́ fún un. Ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè 22 náà, kò sí èyí tó bèèrè nípa oúnjẹ, ibùsùn ní ilé ọ̀gá, tàbí ọjọ́ ìgbòmìnira.

3. Orí fóònù
Òwe wa ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Lórí WhatsApp, ó ṣeé kó, ó sì ṣeé pín káàkiri. Fídíò ọmọṣẹ́ tó kúnlẹ̀ tó ń sunkún, tí a fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lè máa lọ fún oṣù mélòó kan. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn lórí òfin "lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀" Leymann. Nàìjíríà ṣe òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015, ṣùgbọ́n abala 24 rẹ̀, tó dá lórí ìfòòró orí íntánẹ́ẹ̀tì, fẹjú débi pé Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ àtúnṣe rẹ̀ ní 2022. Àtúnṣe dé ní 2024. Òfin ọ̀daràn nìkan kò lè tún àárín ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ṣe.

4. Ìwọ̀fà àti onídùúró
Samuel Johnson, tí ó dàgbà ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn, kọ ọ́ sínú The History of the Yorubas, tí a tẹ̀ ní 1921, pé olómìnira ni ìwọ̀fà, kì í ṣe ẹrú. Olówó kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́. Bí iṣẹ́ bá falẹ̀, onídùúró ni olówó ń ké sí. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kí ìwọ̀fà padà wá, nítorí gbèsè ní í so ènìyàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni ẹnì kẹta tí ó dúró láàárín alágbára àti aláìlágbára.

Òfin òde òní náà kò gbàgbé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́: Àdéhùn 190 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé lórí ìwà ipá àti ìfòòró níbi iṣẹ́, ti 2019, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2022, dárúkọ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti iṣẹ́ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ó tún kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí a fi ẹ̀rọ ránṣẹ́.

5. Ìgúnlẹ̀
Bí a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Òṣùwọ̀n tí a lè gbé wọ ìsọ̀ Ọjà'ba wà nínú òwe yìí. Kí olùwádìí bi ọmọṣẹ́ pé: lẹ́yìn ìbáwí, ta ní fà ọ́ mọ́ra? Ta ni onídùúró rẹ, ṣé ọ̀gá sì ń gbọ́ tirẹ̀? Níbi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ "kò sí", orúkọ tó tọ́ ni ìfòòró.