Wúrà Ara Ère Athena

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, nítorí ìtàn òní ní ìṣirò nínú.

Ní ìlú Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìkì, Phidias oníṣẹ́-ọnà ṣe ère ńlá Athena, òrìṣà ìlú náà, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní ọdún 438 ṣáájú ìbí Kristi. Eyín erin ni ara ère náà, wúrà sì ni aṣọ rẹ̀. Plutarch òǹkọ̀tàn sọ pé àwọn ọ̀tá fi ẹ̀sùn kan Phidias pé ó jí nínú wúrà náà. Ṣùgbọ́n Pericles, aṣáájú ìlú, ti gbà á nímọ̀ràn tẹ́lẹ̀ pé kí ó ṣe wúrà náà lọ́nà tí a fi lè bọ́ ọ. Pericles ní kí àwọn olùfisùn bọ́ ọ, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ẹ̀sùn olè kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n tún wá ẹ̀sùn mìíràn tí wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ti wẹ̀ ẹ́ mọ́ kúrò nínú olè.

Báwo ni wúrà náà ti wúwo tó? Thucydides kọ ọ́ pé tálẹ́ńtì 40 ni Pericles pè é ní ọdún 431. Ẹ ti bá tálẹ́ńtì pàdé nínú Bíbélì. Owó ni, ìwọ̀n sì ni pẹ̀lú. Óbólù 6 ni dírákmà kan. Dírákmà 100 ni mínà kan. Mínà 60 ni tálẹ́ńtì kan. Dírákmà 6,000 ni tálẹ́ńtì kan nígbà náà.

Dírákmà Áténì, owó fàdákà kékeré, wọ̀n tó gíráàmù 4.3. Tálẹ́ńtì kan di gíráàmù 25,800. Pọ́n-ùn kan, ti ìwọ̀n ni mo wí, kì í ṣe ti owó, jẹ́ gíráàmù 453.6. Bí a bá pín in, tálẹ́ńtì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 57. Tálẹ́ńtì 40 sì di nǹkan bí pọ́n-ùn 2,275, èyí tí ó ju tọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì kan lọ.

Àwọn ẹnjiníà tí ń lo òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ní òṣùwọ̀n mìíràn tí ń jẹ́ slug, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan yóò ti ṣòro tó láti tì. Bí agbára pọ́n-ùn kan bá ń ti slug kan, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni eré rẹ̀ yóò máa fi ẹsẹ̀ bàtà kan lé sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ń já bọ́ láti òkè, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 32.2 ni eré tirẹ̀ fi ń lé sí i. Ìdí nìyí tí slug kan fi wọ̀n tó pọ́n-ùn 32.2. Ẹ fi 32.2 pín 2,275: wúrà Athena di nǹkan bí slug 71.

Ẹ ṣọ́ra o. Dírákmà ìlú Aegina wúwo ju ti Áténì lọ. Ó tó nǹkan bí gíráàmù 6. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ bèèrè pé, “Dírákmà ìlú wo?” ti ṣìnà kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pe olóòótọ́ ní olè.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá iye pọ́n-ùn tí ó wà nínú mínà Áténì kan. Ẹ ó rí i pé kò pé pọ́n-ùn kan, ó kù díẹ̀.