Jeki Ọmọ Njambe àti Eré Orí Kọ̀ǹpútà ti Kamẹrúùnù

Kí àwọn ará Jámánì tó bá ọba Bell àti ọba Akwa tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1884, ni àwọn apàlọ́ etí odò Wouri, ní Douala, ti ń sọ ìtàn Jeki, akọni ọmọ Njambe, àkàndá ọmọ tí baba rẹ̀ ń rán ní iṣẹ́ àṣekú léraléra, tí oògùn Jeki, ngalo, sì ń fi ọgbọ́n tí yóò fi borí hàn án, àwọn agberin a sì máa gbe orin ìtàn náà.

Iṣẹ́ kan, ọ̀tá kan, agbára tuntun kan: ìrìn yìí kan náà ni eré orí kọ̀ǹpútà ń rìn. Nígbà tí Olivier Madiba àti Kiro'o Games, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yaoundé ní 2013, fẹ́ ṣe tiwọn, wọn kò yá ìtàn ará òkèèrè lò. Wọ́n dá ayé tuntun, wọ́n fi Zama ṣe ìjọba níbẹ̀, wọ́n sì fi Enzo Kori-Odan ṣe ọmọ ọba tí àna rẹ̀ fi ọ̀tẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà tó bá ṣubú a máa wẹ̀yìn wò. Enzo àti Erine aya rẹ̀ wẹ̀yìn, ogún àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n sì fi ń jà. Lórí Kickstarter, ìkànnì ìdáwójọ, ní 2015, àwọn olùfẹ́ eré dá owó tó ju 40,000 yúrò, eré náà, Aurion, sì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2016.