Koríko Ló Mú Ọ̀yà Wá Sídìí Ọ̀pẹ

 

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin ọ̀pẹ máa ń bi wá pé: kí ló dé tí ọ̀yà fi ń pa ọ̀pẹ wa, nígbà tí àwọn bàbá wa kò rí irú wàhálà yìí? Ìtàn ni yóò dá wa lóhùn.

Àwọn bàbá ńlá wa kì í sábà gbin ọ̀pẹ. Ó ń hù fúnra rẹ̀ ni, àgbẹ̀ tó ń ṣán oko á kàn dá a sí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, epo pupa ni olórí ọjà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó lọ. Púpọ̀ jù lọ nínú epo náà ló wá láti ara ọ̀pẹ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ gbìn.

Nínú igbó kìjikìji ayé ìgbà náà, òjìji pọ̀, koríko kò rọ́wọ́ mú. Ọ̀yà kì í sì í ṣe ẹran igbó dúdú. Ẹran koríko ni. Èèsún àti eruwa ni oúnjẹ rẹ̀, inú wọn náà ló ń sá pamọ́ sí. Bí a ti ń gé igbó lulẹ̀ fún oko, tí iná sì ń jó o lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni koríko ń gba ilẹ̀. Bí koríko ti ń gba ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀yà ń tẹ̀lé e bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀pẹ gbígbìn wá gbilẹ̀. Ní 1939, ìjọba dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ nítòsí ìlú Bìní. Ibùdó yìí ló di NIFOR ní 1964. A ń tọ́ ọ̀pẹ tuntun ní nọ́sìrì fún bí ọdún kan, kí a tó gbé e lọ sóko. Nǹkan bí 60 igi ló ń gba éékà kan, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30 síra wọn. Ẹ wò ó: igi rírọ̀ kan dá dúró, àyè yí i ká, koríko sì kún àyè náà. A ti gbé oúnjẹ sílẹ̀ de ọ̀yà.

Òru ni ọ̀yà sábà ń jẹun, ojú ọ̀nà tóóró rẹ̀ láàárín koríko ló sì ń tọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko ti gbẹ tàbí tí iná ti jó o, ohun tútù ló ń wá. Yóò gé ọ̀pẹ nídìí, yóò sì jẹ ọkàn rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá jẹ orí ọsàn, ọsàn lè rúwé láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pẹ kò ní ẹ̀ka. Ibì kan ṣoṣo ló ti ń yọ mọ̀rìwò. Bí ibẹ̀ bá lọ, igi lọ. Owó tí ẹ ná àti ọdún tí ẹ fi dúró ti bá a lọ nìyẹn.

Kí wá ni ṣíṣe?

Èkíní: ẹ ro ìdí ọ̀pẹ mọ́ yípo kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí ẹ sì gé koríko àárín oko. Ọ̀yà kì í fẹ́ jẹun ní gbangba.

Èkejì: ní ọjọ́ tí ẹ bá gbin ọ̀pẹ gan-an, ẹ fi wáyà oníhò, irú èyí tí a fi ń ṣe ilé adìẹ, yí ìdí rẹ̀ ká. Kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi èèkàn dì í mú. Wáyà wọ́n lójú ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín para pọ̀ rà á.

Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe dẹ májèlé. Ẹran tí a ń jẹ ni ọ̀yà. Ẹni tó bá rà á lójú títì kò ní mọ ohun tó pa á. Ẹ má sì fi iná lé e, nítorí iná kò mọ ọ̀pẹ yàtọ̀ sí koríko.

Àwọn bàbá wa kò ra wáyà, torí igbó ló ń bá wọn ṣọ́ ọ̀pẹ. Àwa ti gé igbó náà. Ọwọ́ wa ni ìṣọ́ kù sí.