Eku Tó Kú ni Kí Á Bẹ̀rù: Àrùn Eku ní Èkó, 1924 sí 1931, àti Ọ̀rọ̀ Ilé ní Agbègbè Akọ́kà

Ẹni tó bá ń ná ọjà Bàrígà nírọ̀lẹ́ yóò mọ ẹni tó ń ta òtapiápiá. Ó so òkú eku mẹ́ta mẹ́rin mọ́ pákó, ìrù wọn ń fì, ó sì ń kéde pé eku yóò kú, kò ní rùn. Àwọn èèyàn ń rà á, nítorí eku ń yọ wọ́n lẹ́nu lóòótọ́. Àmọ́ ìgbà kan wà ní Èkó tó jẹ́ pé ìgbà tí eku bá kú ni ewu ń dé bá ènìyàn. Ìtàn ìgbà náà ni mo fi ń jiyàn pé ilé ló yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí á tó kàn sí ẹranko.

Àrùn eku, tí wọ́n ń pè ní plague lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ Èkó ní 1924, kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1931. Ibà líle ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kókó á sọ lábẹ́ itan tàbí ní abíyá, ọjọ́ díẹ̀ ló sì fi ń pa ọ̀pọ̀ ẹni tó bá mú. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó nígbà náà. Láti Hong Kong, níbi tí Alexandre Yersin ti rí kòkòrò àrùn náà ní 1894, ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé e láti èbúté dé èbúté. Ó ti ṣọṣẹ́ ní Accra ní 1908, ó ṣọṣẹ́ ní Dakar ní 1914. Ọdún 1914 yìí kan náà ni ọkọ̀ òkun ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ̀sà Èkó tààrà.

Dókítà ará Faransé kan, Paul-Louis Simond, ló sọ ní 1898 pé yọ̀rọ̀, kòkòrò tíntìntín tó ń fò lára eku, ló ń gbé àrùn náà kiri. Níwọ̀n ìgbà tí ara eku bá ṣì móoru, ibẹ̀ ni yọ̀rọ̀ yóò jókòó sí. Eku kú, ara rẹ̀ tutù, yọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń wá ara gbígbóná mìíràn. Bí ọmọ mẹ́fà bá sùn lórí ẹní kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò àgbàdo, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn. Ìdí nìyí tí pípa eku láìkọ́kọ́ pa yọ̀rọ̀ fi lè sọ àrùn di púpọ̀ sí i.

Ìjọba amúnisìn rí i pé ilé wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó yẹ kí á yìn wọ́n fún ìyẹn. Òfin ìfètò-sílùú dé ní 1928, wọ́n dá àjọ tó ń tún ìlú ṣe, LEDB (Lagos Executive Development Board), sílẹ̀, wọ́n wó àdúgbò Oko Awo ní erékùṣù Èkó, wọ́n sì pín ilẹ̀ ní Yábàá, ìtòsí Akọ́kà níbí. Ibi tí mo ti yapa sí wọn ni pé pákó àti páànù ni wọ́n kà sí ilé. Wọn kò bi ara wọn léèrè ohun tó kó èèyàn jọ sínú yàrá kan: iṣẹ́ wà nítòsí, owó ilé kò wọ́n, ẹbí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n tún wó àárín Èkó láti 1955, tí wọ́n kó àwọn kan lọ sí Sùúrùlérè, onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Peter Marris, lọ bá àwọn tí wọ́n kó lọ sọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1961 fi hàn pé ẹbí tú ká, oníṣòwò sì pàdánù oníbàárà.

Brazil náà kò kọ́kọ́ yẹ ilé wò, ẹranko ló kọjú sí. Kala-azar, àrùn tó ń mú ọlọ inú wú, jẹ́ àrùn ìgbèríko níbẹ̀ kí ó tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú Teresina lẹ́yìn 1980, nígbà tí èèyàn ń ya wọ ibi tí omi àti ìmọ́tótó kò tíì dé. Ajá ni àrùn náà ń fara pamọ́ sí, kòkòrò kékeré kan tó ń fò ló ń gbé e. Ìjọba pa ajá lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àrùn náà tàn dé àwọn ìlú mìíràn.

Ní tiwa, Lassa ni eku ń gbé kiri báyìí, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Bornu. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku nínú oúnjẹ ni ọ̀nà rẹ̀ tó wọ́pọ̀. Àwọn elétò ìlera ní kí á dé gààrí. Òótọ́ ni, kí á dé e. Ṣùgbọ́n mo ti dúró nínú ilé kan ní Bàrígà tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là wọ́n láàárín. Sítóòfù wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ike gààrí wà lábẹ́ ibùsùn, ìdérí rẹ̀ ti sán. Gọ́tà tó wà lẹ́yìnkùlé kò ṣàn. Bàrígà, Ìwáyà àti Mákòkó, tí wọ́n yí Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà ká, wà lára ibi 9 tí ètò tí Báńkì Àgbáyé yá ìjọba Èkó lówó fún ní 2006 fẹ́ tún ṣe.

Àwọn wolé-wolé àtijọ́ máa ń yọjú wo ìkòkò omi, wọ́n á sì wá tanwíjí. Kí wolé-wolé tòní kọ́kọ́ ka iye ẹni tó ń sùn ní yàrá kan, iye tí wọ́n ń san lóṣù, àti ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde. Lẹ́yìn ìyẹn kí ó wá bèèrè eku.