Ẹrú Ní Bàbá, Ọ̀nà Ló Jìn

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹrú ní bàbá, ọ̀nà ló jìn. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka ìtàn ìgbà èwe Samuel Àjàyí Crowther. Ní kíláàsì, bíṣọ́ọ̀bù la máa ń pè é: adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ní ọdún 1864, tó tún kópa ńlá nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ tí ogun kó ni.

Ní ọdún 1821, nígbà tí ogun ń tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, àwọn ajagun ya wọ ìlú Òṣogùn. Bàbá Àjàyí sáré wá sílé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò fojú kàn án mọ́. Wọ́n mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin méjì, wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì ń dà wọ́n lọ bí ewúrẹ́.

Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà bí ẹni dá ọjà padà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí dé Èkó. Ẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún àwọn Potogí bà á débi pé ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lóru.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó òun àti àwọn ẹrú mìíràn, gbogbo wọn jẹ́ 187, sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀. Síbẹ̀, ọkàn wọn kò balẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi kọ́ nínú ọkọ̀ náà, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni. Ẹni tí wọ́n ti tà lọ́pọ̀ ìgbà kò lè tètè gbà pé olùrànlọ́wọ́ dé.

Ní Sàró, Àjàyí kàwé, ó sì di olùkọ́. Ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ni òun àti ìyá rẹ̀ Àfàlá tó tún rí ara wọn. Ọdún 25 ti kọjá. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé sì ń dà lójú ìyá.

Ibi yìí ló dùn mí jù. Òmìnira Àjàyí ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà náà, ṣùgbọ́n ogun Òṣogùn kò tíì tán ní ọkàn ìyá rẹ̀. Lónìí pẹ̀lú, àwọn òbí kan ní Chibok ṣì ń retí ọmọ tí wọ́n jí gbé ní ọdún 2014. Nítorí náà, bí a bá ń ka iye àwọn tí ogun kó, ẹ jẹ́ kí á ka àwọn tó ń retí wọn nílé mọ́ wọn.