Bí Gẹdú Ṣe Ń Rìn Dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Bí ẹ bá ti gbé Múṣín rí, ẹ ó ti rí i tí wọ́n já ìtì igi ìdáná sí àgbàlá kan, tí ìyá onígààrí sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé. Àwọn ọ̀dọ́ yóò bò ó, wọn yóò pariwo, igi kò ní mira. Ẹnìkan a dìde tòun ti ẹ̀yìn ríro, ẹlòmíràn a fi ìka ẹsẹ̀ gbà á. Àwọn bàbá tó ṣòwò gẹdú kì í gbé igi bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí igi yóò fi rìn ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wò ó ná. Ìtì arẹrẹ tútù tó gùn ní mítà 4, tí ìbú ojú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ. Bí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan bá gbé 50 kílò nínú rẹ̀, wọn yóò ju 30 lọ. Níbo ni gbogbo wọn yóò ti rí àyè dúró?

Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí ra ọ̀gànwó nínú igbó Oǹdó àti ti Bìní, kò sí katakata níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ a la ọ̀nà láti ìdí igi dé etí odò, wọn a to igi roboto kéékèèké dábùú ọ̀nà náà, wọn a so okùn mọ́ gẹdú, wọn a sì fà á. Igi roboto ń yí lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá kù lẹ́yìn, wọn a sáré gbé e wá síwájú. Àwọn ará Íjíbítì náà gbọ́n. Nínú ibojì Djehutihotep, tó ti wà láti bí ọdún 1900 kí a tó bí Jésù, àwòrán kan wà níbi tí ọkùnrin kan ti ń da omi síwájú ère ńlá tí wọ́n ń wọ́. Ní 2014 àwọn onímọ̀ ní Amsterdam dán an wò: bí omi inú yanrìn bá ṣe déédéé, agbára tí wọ́n fi ń fà á a dín sí ìdajì. Ṣùgbọ́n tiwa ta tiwọn yọ, nítorí orí omi gan-an ni a gbé igi sí.

Bí gẹdú bá ti dé odò, wọn a dì í pọ̀ mọ́ òmíràn, a sì léfòó títí dé ọ̀sà Èkó. (Igi kan wà tó le tó bẹ́ẹ̀ tí í rì; ìyẹn ni wọ́n ń so mọ́ àwọn tó fúyẹ́.) Ẹnìkan tó mú ọ̀pá dání lè darí ohun tí 30 ọkùnrin kò lè gbé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ọjà pákó sílẹ̀ ní Oko Bàbá, létí ọ̀sà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ tó sá fún Ìfọ́lé tẹ̀dó sí ìlú náà ní 1867. Iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Afárá Carter parí ní 1901. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn 1924, wọ́n dá ẹgbẹ́ alátùn-ún-ṣe ìlú sílẹ̀ ní 1928, Yábà sì gbòòrò. Láti 1955 ni wọ́n ti ń kó àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Súrùlérè. Ilé wo nínú wọn ni kò fẹ́ igi àjà?

Etíkun ni iṣẹ́ tún le sí. Ẹ so ojú okùn méjèèjì mọ́ òpó lókè, ẹ fa àárín rẹ̀ gba abẹ́ igi, ẹ sì fà á padà sókè láti orí igi náà. Igi yóò máa yí gun òkè, ìdajì agbára ni yóò sì gbà lọ́wọ́ yín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ o!

Nínú àgbàlá, ọ̀pá líle mítà 2 tó. Ẹ fi òkúta sí abẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sí ibi tó kan igi, nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó bá fi 50 kílò tẹ̀ ẹ́ yóò gbé 450. Ẹni méjì pẹ̀lú ọ̀pá méjì lè gbé orí arẹrẹ wa yẹn sókè, kí ọmọ kan ti igi roboto bọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá ni kó tì í, kì í ṣe ọwọ́.

Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ kó àwọn alágbègi kúrò ní Oko Bàbá, Agbọwà ni wọ́n mú. Omi dé ibẹ̀ náà.