Yíyan ọ́ìlì fún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àtijọ́

Ọkọ̀ àtijọ́ méjì tí ojú mọ̀ jù lójú títì Ọ̀fà, bí ó ṣe rí káàkiri Nàìjíríà, ni Peugeot 504 àti Volkswagen tí wọ́n ń pè ní ìjàpá. Ohun mẹ́ta ni a fi ń yan ọ́ìlì fún ẹ́ńjìnì wọn: bí ọ́ìlì náà ṣe ki tó, ìpele rẹ̀, àti èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnì àti bí ìlú ṣe gbóná tó ló ń pinnu èyí tó tọ́. Ọ́ìlì tó wọ́n jù lọ́jà lè má bá a mu.

Kíki ọ́ìlì

SAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1905, ló fi nọ́ńbà sí kíki ọ́ìlì. Lára 20W-50, nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe nínú òtútù. −15 °C ni wọ́n ti ń wò ó bóyá ẹ́ńjìnì á lè yí. Ti 5W-30 jẹ́ −30 °C. Ọyẹ́ Ọ̀fà kò sún mọ́ ìkankan nínú wọn. Nọ́ńbà ẹ̀yìn, tó ń sọ kíki ọ́ìlì ní 100 °C, ló yẹ kí onímọ́tò kọ́kọ́ wò.

Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń jẹ, àlàfo àárín bẹ́ríǹ àti kíránkì á máa fẹ̀ sí i. Ọ́ìlì tó ṣàn jù á tètè sá kúrò níbẹ̀, iná ọ́ìlì á sì máa ṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ bá dúró láìpa ẹ́ńjìnì. Ìdí nìyí tí 20W-50 fi bá 504 mu, tí ń gba lítà mẹ́rin.

Ti ìjàpá yàtọ̀. Lítà 2.5 péré ló ń gbà. Kò ní rédíétọ̀: atẹ́gùn àti ọ́ìlì ló ń tù ú lára. Bí ọ́ìlì bá ki jù, fáàfù á ṣí, ọ́ìlì á sì gba ọ̀nà àbùjá padà láìdé ibi tí ó yẹ kí ó ti tutù. Asẹ́ wáyà ló ní dípò fílítà, ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí eruku bá pọ̀, ó dára kí a tètè ṣe é ṣáájú ìgbà náà.

Ìpele

Lẹ́tà tí API, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ epo ní Amẹ́ríkà, fi sára ọ́ìlì ló ń sọ ìpele rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S wà fún ẹ́ńjìnì tí ń lo pẹtiróòlù. SA kò ní èròjà ìdáàbòbò kankan, kò sì yẹ fún ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1930. SB kò yẹ fún èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1951. Ọkọ̀ àtijọ́ tiwa kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, nítorí náà nọ́ńbà kíki “40” tí wọ́n kọ gàdàgbà sára kẹ́ẹ̀gì nìkan kò tó. Kí a wá lẹ́tà náà. SL dé ní 2001, SM ní 2004, SN ní 2010, SP ní 2020.

Ọ̀rọ̀ síǹkì

Àríyànjiyàn wà lórí ZDDP, èròjà síǹkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ń dáàbò bo kámù àti tápẹ́ẹ̀tì. Nítorí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń ba ohun tí ń fọ èéfín ọkọ̀ òde òní jẹ́, wọ́n dín in kù sí 0.08% láti ìgbà SM. Àwọn kan gbà pé èyí ń mú kí kámù ọkọ̀ àtijọ́ tètè jẹ. Àwọn mìíràn ní òté náà mú ọ́ìlì fífẹ́lẹ́ bíi 5W-30, kò mú 20W-50. Ó jọ pé ẹ̀rí ti àwọn kejì lágbára fún ọkọ̀ tí a ń lò lójoojúmọ́. Kámù tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dè ló nílò síǹkì jù, àmọ́ àpọ̀jù rẹ̀ náà lè ṣèpalára.

Ìtàn

Ní 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Nàìjíríà. 504 gbé èrò láti ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nísinsìnyí tí wọn kò ṣe ẹ́ńjìnì wọ̀nyí mọ́, kámù àti kíránkì tó bá jẹ ṣòro láti rọ́pò, ọ́ìlì tó tọ́ sì ni ìtọ́jú tí owó rẹ̀ kéré jù.